Láptọ́ọ̀pù tó ń dákú léraléra: bí ẹ ṣe lè mọ ibi tí àìsàn wà kí ẹ tó fọ́máàtì ẹ̀

Bí láptọ́ọ̀pù tó ti pẹ́ lọ́wọ́ ẹni bá bẹ̀rẹ̀ sí í dákú, ìmọ̀ràn kan ṣoṣo ló máa ń wá láti ọ̀tún àti òsì: “Fọ́máàtì ẹ̀.” Ẹni tó ni ín á fọ́máàtì, á tún Windows gbé sórí ẹ̀, á fi odidi ọjọ́ kan wá gbogbo áàpù rẹ̀ padà. Kò ní pẹ́ kò ní jìnnà, ẹ̀rọ náà á tún kú mọ́ ọn lójú. Fọ́máàtì kò burú, ó ní ibi tó wúlò. Àmọ́ kò lè gbá eruku kúrò nínú fáànù, kò lè sọ bátìrì tó ti gbó di tuntun, kò sì lè wo RAM (ibi tí ẹ̀rọ ń kó iṣẹ́ tó ń ṣe lọ́wọ́ sí) tó ti bàjẹ́ sàn. Bó bá jẹ́ pé ara ẹ̀rọ ni àìsàn wà, Windows tuntun á kàn wá bá a nílé ni. Ètè la fi sílẹ̀ tí à ń pa làpálàpá.

Oríṣiríṣi nǹkan ló lè mú kí kọ̀ǹpútà dákú, wọn kì í sì í pa á lọ́nà kan náà. Ibẹ̀ ni ìwádìí ti ń bẹ̀rẹ̀. Bó ṣe kú, ìgbà tó kú àti ohun tó ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tó kú ló máa sọ fún wa ibi tó yẹ ká kọ́kọ́ wò. Windows ni mo máa fi ṣe àpẹẹrẹ, torí òun ló wà lórí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́. Lórí Mac àti Linux, ọ̀nà kan náà ni, orúkọ irinṣẹ́ ló yàtọ̀.

Kí ẹ tó ṣe ohunkóhun, ẹ kọ́kọ́ kó àwọn fáìlì tí ẹ kò lè rí gbà padà bí wọ́n bá sọnù: fọ́tò, ìwé iṣẹ́, àkọsílẹ̀ owó. Ẹ kó wọn sórí dísìkì ìta tàbí sórí íntánẹ́ẹ̀tì. Ẹ fi áàpù sílẹ̀, ìyẹn ò ṣòroó rí. Ìdí ni pé ó lè jẹ́ dísìkì gan-an ló ń kú lọ, àwọn àyẹ̀wò kan tí a máa mẹ́nu bà nísàlẹ̀ sì máa ń fún dísìkì níṣẹ́ àṣelàágùn. Dísìkì tó ti rẹ̀ lè ti ibẹ̀ lọ pátápátá.

Báwo ló ṣe kú?

Ọ̀nà mẹ́rin ló wọ́pọ̀.

Àkọ́kọ́ ni kí ẹ̀rọ kú fin, bí ìgbà tí wọ́n fa wáyà yọ. Kò sọ nǹkan kan, kò kọ nǹkan kan sójú. Irú èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ má ṣeé gbé kúrò lọ́rùn ooru tàbí iná tó ń wọlé sí ẹ̀rọ. Processor, ìyẹn ọpọlọ ẹ̀rọ, ní ààbò tirẹ̀: bó bá ti gbóná tó nǹkan bí 100°C, á kọ́kọ́ dẹ ìṣísẹ̀ rẹ̀ kí ara rẹ̀ lè tutù. Bí ooru náà bá ṣì ń pọ̀ sí i, iná á já kúkúrú kí processor má baà jóná. Windows kì í mọ̀ pé ohun tó fẹ́ ṣẹlẹ̀ nìyẹn, torí náà kò ní àyè láti dágbére.

Ìkejì ni ojú búlúù tó ní àkọlé àti kóòdù lára. Láti ọdún 2025 ni Microsoft ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ di dúdú lórí Windows 11, nítorí náà bí ẹ bá rí ojú dúdú tó ní kóòdù lára, nǹkan kan náà ni. Ẹ̀rù máa ń ba àwọn èèyàn bí wọ́n bá rí i, síbẹ̀ nínú mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, òun ni mo fẹ́ràn jù, torí òun nìkan ló ń sọ̀rọ̀. Windows fúnra rẹ̀ ló mọ̀ọ́mọ̀ dúró níbẹ̀: ó rí ohun tí kò yẹ kó ṣẹlẹ̀ nínú agbègbè tó ṣe kókó jù, ó sì pinnu pé ó sàn kí òun dúró ju kí òun máa kọ ìkọkúkọ sórí fáìlì yín lọ.

Ìkẹta ni kí ẹ̀rọ gan. Àwòrán wà lójú rẹ̀, ṣùgbọ́n ọfà móúsì ò rìn, àgogo ò kà. Ẹ tẹ Caps Lock. Bí iná rẹ̀ bá ń tàn tó sì ń kú bí ẹ ṣe ń tẹ̀ ẹ́, àárín gbùngbùn Windows ṣì wà láàyè, ó lè jẹ́ dísìkì tàbí apá tó ń ya àwòrán ló há. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows, Ctrl, Shift àti B pọ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ìyẹn ń tún driver tó ń ya àwòrán jí (driver ni ètò tí Windows fi ń darí ẹ̀yà ara ẹ̀rọ kọ̀ọ̀kan), nígbà mìíràn ojú ẹ̀rọ á sì padà bọ̀ sípò wéré. Bí iná Caps Lock kò bá dá yín lóhùn rárá, ìganpa náà wọlé jinlẹ̀.

Ìkẹrin ni kí ẹ̀rọ kàn ṣàdédé pa ara rẹ̀ tan padà. Èyí ń tan ọ̀pọ̀ èèyàn jẹ, torí pé lọ́pọ̀ ìgbà, ìkejì ló fi ara pamọ́ sínú rẹ̀. Wọ́n ti ṣètò Windows pé bí ojú búlúù bá yọ, kí ó tún ara rẹ̀ tàn, ẹ ò sì ní rí kóòdù ọ̀hún kà. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ sysdm.cpl, ẹ wọ Advanced, lẹ́yìn náà Settings tó wà lábẹ́ Startup and Recovery, kí ẹ sì yọ àmì iwájú Automatically restart. Bó bá tún kú, á dúró kí ẹ rí i. Bí ẹ bá ti yọ ọ́ tó sì ṣì ń tan ara rẹ̀ padà láìfi ojú búlúù hàn, ẹ padà sí ọ̀rọ̀ ooru àti iná.

Ohun méjì kan wà tí àwọn èèyàn máa ń kà mọ́ ìdákú, tí kì í ṣe òun. Bí áàpù kan bá tì fúnra rẹ̀ tí ìyókù ń ṣiṣẹ́ lọ, àìsàn áàpù yẹn nìyẹn. Bí ẹ̀rọ bá sì ń fà ṣùgbọ́n tó ń padà dáhùn lẹ́yìn ìṣẹ́jú kan sí méjì, RAM ló kéré fún iṣẹ́ tí ẹ ń gbé lé e tàbí dísìkì ló lọ́ra.

Ìwé tí Windows ń kọ sílẹ̀

Windows ń ṣe àkọsílẹ̀ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí i, díẹ̀ nínú àwa tó ń lò ó ló ń kà á. Ẹ tẹ bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R, ẹ kọ perfmon /rel. Reliability Monitor á ṣí, á to ọjọ́ sílẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, á fi àmì pupa sí ọjọ́ tí nǹkan kú, á sì fi hàn yín bóyá ẹ fi áàpù tàbí driver tuntun sórí ẹ̀rọ ní ọjọ́ náà tàbí ọjọ́ tó ṣáájú. Ọ̀pọ̀ ẹjọ́ ló parí síbẹ̀: ẹ̀rọ tó ti ń ṣiṣẹ́ wọ́ọ́rọ́wọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kú lọ́jọ́ kejì tí wọ́n ṣe ìmúdójúìwọ̀n kan. Ó yẹ ká ti mọ ẹni tó yẹ ká mú.

Event Viewer, ìwé àkọsílẹ̀ Windows mìíràn, jinlẹ̀ ju ìyẹn lọ, ó sì ń ṣi àwọn èèyàn lọ́nà. Ẹni tó bá wọ ibẹ̀ á rí Kernel-Power pẹ̀lú nọ́mbà 41, á sì sáré lọ ra ṣájà tuntun torí pé ó rí Power nínú rẹ̀. Ohun tí nọ́mbà 41 ń sọ kò ju pé ẹ̀rọ tàn padà láìjẹ́ pé wọ́n pa á bó ṣe yẹ. Kò mọ ohun tó pa á. Èyí tó ní ẹ̀kọ́ nínú ni BugCheck, nọ́mbà 1001, torí kóòdù ojú búlúù wà nínú rẹ̀. Bí 41 bá wà tí 1001 kò sì sí nítòsí rẹ̀, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé iná já tàbí ẹ̀rọ gan kí Windows tó rí nǹkan kọ sílẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà tí ojú búlúù bá yọ, Windows máa ń gbìyànjú láti fi fáìlì kékeré kan sínú C:\Windows\Minidump. BlueScreenView ti NirSoft ń kà á lọ́fẹ̀ẹ́, á sì dárúkọ fáìlì tó wà nídìí ọ̀ràn náà. Ẹ ṣọ́ra pẹ̀lú orúkọ yìí. Bó bá jẹ́ nvlddmkm.sys, driver Nvidia tó ń ya àwòrán nìyẹn, a sì lè bẹ̀rẹ̀ sí í fura sí i. Ṣùgbọ́n bó bá jẹ́ ntoskrnl.exe, ẹ má tíì dá a lẹ́jọ́. Àárín gbùngbùn Windows fúnra rẹ̀ nìyẹn, orí rẹ̀ sì ni ọ̀ràn ẹlòmíràn máa ń wó sí.

Ohun tó wúlò ju orúkọ kan ṣoṣo lọ ni ìrísí gbogbo wọn lápapọ̀. Bí kóòdù kan náà àti fáìlì kan náà bá ń yọ ní gbogbo ìgbà, ẹ fura sí driver. Bí kóòdù bá ń yí padà lójoojúmọ́, lónìí MEMORY_MANAGEMENT, lọ́la IRQL_NOT_LESS_OR_EQUAL, lọ́túnla PAGE_FAULT_IN_NONPAGED_AREA, tí fáìlì tí wọ́n ń dárúkọ kò sì jọra, ẹ fura sí RAM. RAM tó bàjẹ́ kì í yan ẹni tó máa kọ lù. Ohunkóhun tó bá bọ́ sí ojú ibi tó ti bàjẹ́ ló ń fara gbá. KERNEL_DATA_INPAGE_ERROR sábà máa ń tọ́ka sí dísìkì. WHEA_UNCORRECTABLE_ERROR ní tirẹ̀ jẹ́ igbe ara ẹ̀rọ fúnra rẹ̀, processor ló sì sábà máa ń ké e.

Ẹ ní ìwé tiyín náà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ẹ kọ wákàtí tó kú, ohun tó ń ṣe lọ́wọ́, bóyá ṣájà wà lára rẹ̀, bóyá ìdí rẹ̀ gbóná. Lẹ́yìn ìgbà mélòó kan, nǹkan á bẹ̀rẹ̀ sí í jọra.

Ooru àti iná

Nínú láptọ́ọ̀pù àtijọ́, ibí ni mo máa ń kọ́kọ́ wò kódà bí àmì bá ṣì ń rú mi lójú, torí ibẹ̀ rọrùn jù láti wádìí.

Ẹ gbé HWiNFO tàbí HWMonitor sórí ẹ̀rọ, ẹ wo bí processor ṣe gbóná tó. Bí ẹ̀rọ kò bá ṣe nǹkan kan, 40°C sí 60°C kò burú. Lẹ́nu iṣẹ́ gidi, láptọ́ọ̀pù lè wọ 80°C sí 90°C kó sì máa bá a lọ. Ẹ wá gbé iṣẹ́ tó wúwo fún un, kí ẹ máa wo nọ́mbà náà. Bó bá ń gòkè lọ sí 97 tàbí 100 kó tó kú, ẹ ti mú olè. Bó bá kú nígbà tó wà ní 60, ooru processor kọ́, ẹ lọ wo iná.

Láàárín fáànù àti àwọn irin tẹ́ẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ ń gbà jáde, eruku máa ń dì bí aṣọ onírun. Kò hàn láti ìta. Ẹni tó ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sí ojú ihò láti ìta lè máa tì í wọlé sí i ni. Bí ẹ bá lè ṣí ìdí ẹ̀rọ, ẹ pa á, ẹ yọ ṣájà, ẹ yọ bátìrì tàbí kí ẹ tú wáyà rẹ̀, kí ẹ tó fẹ́ eruku náà jáde. Ẹ fi ìka di abẹ́ fáànù mú kó má baà yí ní àyíjù nígbà tí afẹ́fẹ́ bá ń kọ lù ú, torí ó lè ba ìdí rẹ̀ jẹ́. Thermal paste, ìpara tó wà láàárín processor àti irin tó ń gbé ooru kúrò lórí rẹ̀, máa ń gbẹ bí ọdún bá ṣe ń gorí ọdún. Bí ẹ bá ti gbá eruku tán tí ooru kò sì lọ sílẹ̀, òun ló kàn láti pààrọ̀. Fáànù tó ń dún kẹ̀rẹ̀kẹ̀rẹ̀, tàbí tí kò dún rárá nígbà tí ẹ̀rọ gbóná, ti tó kúrò lójú iṣẹ́. Ó sì dára ká bi ara wa bóyá orí bẹ́ẹ̀dì ni ẹ̀rọ máa ń wà. Ihò afẹ́fẹ́ wà ní ìdí rẹ̀. Tìmùtìmù ń dí i pa.

Ní ti iná, ìbéèrè kan ló ń la ọ̀nà: ṣé orí bátìrì ló ti ń kú ni àbí orí ṣájà? Bátìrì tó ti gbó lè sọ pé òun ṣì ní ìdá ogójì nínú ọgọ́rùn-ún, kí ẹ ṣí áàpù tó wúwo, kó sì kú lójijì, torí agbára rẹ̀ wálẹ̀ wọ̀ọ̀ nígbà tí iṣẹ́ pọ̀. Ẹ ṣí Command Prompt, ojú tí a ti ń kọ àṣẹ fún Windows, ẹ kọ powercfg /batteryreport. Windows á ṣe ìròyìn kan, á sì sọ ibi tó fi í sí. Ẹ fi Full charge capacity wé Design capacity nínú rẹ̀. Bí èyí tó kù kò bá tó ìlàjì èyí tí wọ́n fi ṣe é, ẹ ò gbọ́dọ̀ gbára lé e mọ́. Bí bátìrì yín bá jẹ́ irú èyí tó ń ṣí kúrò ní ìdí ẹ̀rọ, ẹ yọ ọ́, kí ẹ lo ẹ̀rọ lórí ṣájà nìkan fún ìgbà díẹ̀. Bí ìdákú bá dẹwọ́, ìdáhùn ti wà lọ́wọ́ yín.

Bó bá jẹ́ orí ṣájà ló ti ń kú, ẹ rọra mi orí wáyà níbi tó ti wọ ẹ̀rọ. Bí iná ṣájà bá ń ṣẹ́jú, ojú ihò náà ti jì. Ẹ sì ka ohun tí wọ́n kọ sí ara ṣájà. Volt tí a bá fi ampere sọ di púpọ̀ ló ń fún wa ní watt: 19.5 volt pẹ̀lú 3.34 ampere jẹ́ nǹkan bí 65 watt. Bó bá jẹ́ 65 watt ni ṣájà tó bá ẹ̀rọ wá, tí ẹ wá ń lo ti 45 watt tí ẹ yá, ẹ̀rọ lè ṣiṣẹ́ bí ẹ bá ń ka ìwé, kó sì kọṣẹ́ bí iṣẹ́ bá le.

Bátìrì tó bá ti wú kò sí lára ohun tí à ń wádìí mọ́. Bí ibi tí a fi ìka darí móúsì bá ń gbé sókè, tàbí tí ìdí láptọ́ọ̀pù kò jókòó dọ́gba lórí tábìlì mọ́, ẹ pa á, ẹ má ṣájì í mọ́, ẹ má gún un, ẹ má tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀. Lithium tó wà nínú rẹ̀ lè gbiná. Kí ẹni tó mọ iṣẹ́ náà yọ ọ́.

RAM àti dísìkì

Windows ní àyẹ̀wò RAM tirẹ̀: ẹ kọ mdsched nínú àpótí Run (èyí tí bọ́tìnì Windows pọ̀ mọ́ R ń ṣí), á tún ẹ̀rọ tàn, á sì yẹ̀ ẹ́ wò. Kò gba àkókò púpọ̀, ìdí sì nìyẹn tí mi ò fi gbà á gbọ́ pátápátá bó bá sọ pé kò sí nǹkan. Memtest86+ dára jù ú lọ. Ọ̀fẹ́ ni, orí fláàṣì ni ẹ máa gbé e sí, kí ẹ tan ẹ̀rọ láti orí fláàṣì náà, kí ẹ sì fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Àṣìṣe ẹyọ kan péré tó bá kọ sójú ti pọ̀ jù. RAM kò gbọ́dọ̀ ṣìrò.

Bí àṣìṣe bá yọ, ẹ má tíì ra tuntun. Ẹ pa ẹ̀rọ, ẹ já iná kúrò pátápátá, ẹ yọ RAM, ẹ dá a padà kó wọlé ṣinṣin. Bó bá jẹ́ méjì, ẹ dán wọn wò lọ́kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì pààrọ̀ ihò wọn, torí nígbà mìíràn ihò ló bàjẹ́ tí ẹjọ́ ń ṣe RAM. Lára àwọn láptọ́ọ̀pù pẹlẹbẹ, wọ́n jó RAM mọ́ pátákó ìdí ẹ̀rọ (motherboard) ni, kò ṣeé yọ.

Dísìkì ń ṣe àkọsílẹ̀ ìlera ara rẹ̀ nínú ohun tí wọ́n ń pè ní SMART. CrystalDiskInfo á kà á fún yín. Bó bá jẹ́ dísìkì àtijọ́ tó ń yí ni, ẹ wo ìlà 05, C5 àti C6. Wọ́n ń ka àwọn ojú ibi tó ti bàjẹ́ tí dísìkì ti fi òmíràn rọ́pò, èyí tí kò tíì lè kà, àti èyí tó kọ̀ jálẹ̀. Ní ìlà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, òdo ló dára. Nọ́mbà kékeré tó dúró sójú kan fún oṣù púpọ̀ ṣì ṣeé fara dà. Èyí tó ń gòkè láti ọ̀sẹ̀ dé ọ̀sẹ̀ ń kìlọ̀ fún yín. Bí ẹ bá sì ti ń gbọ́ kọ́kọ́kọ́ nínú rẹ̀, ẹ pa àyẹ̀wò tì, fáìlì yín ni kí ẹ máa kó. CrystalDiskInfo lè sọ pé Good kí dísìkì sì kú lọ́jọ́ kejì, torí náà Good kì í ṣe ìwé ẹ̀rí.

Àwọn kan á ní kí ẹ lo chkdsk /r. Ó wúlò fún fáìlì tó ti dojú rú, ṣùgbọ́n ó ń ka gbogbo ojú dísìkì láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin. Chkdsk /scan kò le tó bẹ́ẹ̀, kò sì ní kí ẹ tún ẹ̀rọ tàn, òun ni kí ẹ kọ́kọ́ lò. Lójú tèmi, bó bá jẹ́ dísìkì tó ń yí ni láptọ́ọ̀pù yín ṣì ń lò, tó sì ti ń fi àmì hàn, ẹ má fi àkókò ṣòfò lórí rẹ̀. Ẹ fi SSD, dísìkì tí kò ní ohun tó ń yí nínú, rọ́pò rẹ̀. Kò sí ohun kan tí ẹ lè ṣe fún ẹ̀rọ àtijọ́ tí ẹ máa rí ìyàtọ̀ rẹ̀ tó ìyẹn.

Bí ara ẹ̀rọ bá yá

Ìgbà tí ooru, iná, RAM àti dísìkì bá ti yege ni ọ̀rọ̀ tó kan driver àti Windows. Kí ló dé tí driver kan fi lè pa gbogbo ẹ̀rọ, nígbà tí áàpù lásán kò lè ṣe bẹ́ẹ̀? Áàpù dà bí ayálégbé: yàrá tirẹ̀ ló wà, bó bá da yàrá rú, onílé á lé e jáde, ilé á sì dúró. Driver ń ṣiṣẹ́ ní ìpìlẹ̀ ilé. Bó bá ṣi ọwọ́ gbẹ́, onílé ò ní lé e jáde nìkan, á dá gbogbo iṣẹ́ dúró kí ilé má wó. Ojú búlúù ni ìdádúró yẹn.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 19 oṣù keje ọdún 2024 fi èyí hàn gbogbo ayé. CrowdStrike, ilé-iṣẹ́ ààbò kọ̀ǹpútà, fi ìmúdójúìwọ̀n kan tó ní àṣìṣe ránṣẹ́ sí ètò ààbò tirẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ ní ìpìlẹ̀ Windows. Microsoft ṣírò rẹ̀ pé nǹkan bí mílíọ̀nù 8.5 ẹ̀rọ ló kú sójú búlúù. Pápákọ̀ òfurufú, ilé ìwòsàn àti báńkì fara gbá a. Ara àwọn ẹ̀rọ náà le koko. Fáìlì kan ṣoṣo ló ṣe é.

Ní ilé, ẹ lo Safe Mode. Ẹ di Shift mú, kí ẹ tẹ Restart, ẹ wọ Troubleshoot, Advanced options, Startup Settings, Restart, lẹ́yìn náà nọ́mbà 4. Níbẹ̀, ìwọ̀nba driver tí Windows kò lè ṣe aláìní ló ń ṣiṣẹ́. Bí ẹ̀rọ tó máa ń kú kí wákàtí kan tó pé bá lo ọ̀pọ̀ wákàtí níbẹ̀ láìkú, ọ̀kan nínú àwọn tí a yọ sílẹ̀ ni olóríburúkú. Bó bá jẹ́ lẹ́yìn ìmúdójúìwọ̀n driver ni wàhálà bẹ̀rẹ̀, ẹ wọ Device Manager, ẹ lo Roll Back Driver. Bí ẹ bá fẹ́ gba tuntun, ojú òpó ilé-iṣẹ́ tó ṣe láptọ́ọ̀pù náà ni kí ẹ ti gbà á. Àwọn áàpù tó ń pariwo pé àwọn á bá yín wá gbogbo driver, ẹ sá fún wọn. Bí antivirus méjì bá wà lórí ẹ̀rọ kan, ẹ yọ ọ̀kan, torí ìpìlẹ̀ kan náà ni àwọn méjèèjì ń gbẹ́.

Fún àwọn fáìlì Windows fúnra wọn, ẹ ṣí Command Prompt pẹ̀lú àṣẹ alábòójútó, ẹ kọ DISM /Online /Cleanup-Image /RestoreHealth, bó bá parí, kí ẹ kọ sfc /scannow. Kò ju ìyẹn lọ.

Ohun kan tún wà tí kì í wá sí ọkàn èèyàn. Láti Windows 8, pípa ẹ̀rọ pẹ̀lú Shut down kì í fi bẹ́ẹ̀ pa á tán. Fast Startup máa ń tọ́jú àárín gbùngbùn Windows sórí dísìkì, á sì gbé e jí lọ́jọ́ kejì bó ṣe wà. Driver tó ti ṣìwèrè lánàá lè bá yín jí lónìí. Restart ló ń tún gbogbo rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ látòkèdélẹ̀. Ẹ gbìyànjú rẹ̀ kí ẹ tó bú ẹnikẹ́ni.

Ẹ ó béèrè nípa fáírọ́ọ̀sì. Ọ̀pọ̀ nínú ti òde òní kò fẹ́ kí ẹ̀rọ yín kú. Wọ́n fẹ́ kó wà láàyè kí wọ́n lè máa jalè. Ẹ yẹ ẹ̀rọ wò, àmọ́ ẹ má kọ́kọ́ di ẹ̀bi rù ú.

Bí gbogbo rẹ̀ bá ṣì ń rú yín lójú

Àyẹ̀wò kan wà tó ń pín ọ̀nà sí méjì. Ẹ gbé Ubuntu, ọ̀kan lára oríṣi Linux, sórí fláàṣì pẹ̀lú áàpù Rufus, ẹ tan láptọ́ọ̀pù láti orí rẹ̀, ẹ yan pé ẹ fẹ́ dán an wò láìgbé e sórí ẹ̀rọ. Kò ní fọwọ́ kan Windows yín. Ẹ lò ó bí ẹ ṣe ń lo ẹ̀rọ lójoojúmọ́: ẹ wo fídíò, ẹ ṣí ojú ewé púpọ̀, ẹ jẹ́ kó gbóná. Bó bá tún kú níbẹ̀, Windows bọ́ lọ́wọ́ ẹ̀sùn, ara ẹ̀rọ ni kí ẹ dojú kọ. Bí kò bá kú, ó ku Windows, driver rẹ̀ àti dísìkì, torí Ubuntu orí fláàṣì kò fi bẹ́ẹ̀ lo dísìkì. Bí dísìkì bá sì ti yege ṣáájú, ìgbà yìí ni fọ́máàtì tó ní ìtumọ̀.

Ẹ má yí nǹkan méjì padà lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹni tó pààrọ̀ RAM, tó gbá eruku, tó tún fọ́máàtì lọ́jọ́ kan ṣoṣo kò ní mọ èyí tó gbà á. Ẹ sì má yára yọ̀. Bó bá jẹ́ pé ọjọ́ mẹ́ta mẹ́ta ló máa ń kú, ọjọ́ mẹ́rin láìkú kò tíì sọ nǹkan kan. Mo máa ń fún un ní ìlọ́po mẹ́ta àlàfo tó máa ń wà láàárín ìdákú kan sí èkejì kí n tó gbà pé ó ti sàn.

Àìsàn kan wà tí kò tọ́ láti náwó lé lórí, ìyẹn pátákó ìdí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀. Gbígbóná àti títutù fún ọ̀pọ̀ ọdún lè mú kí ojú ibi tí wọ́n jó mọ́ ọn sán. Ní oṣù keje ọdún 2008, Nvidia kéde pé òun ń ya mílíọ̀nù 150 sí 200 dọ́là sọ́tọ̀ nítorí irú àléébù bẹ́ẹ̀ nínú àwọn chip láptọ́ọ̀pù rẹ̀. Láyé ìgbà yẹn, àwọn kan ń ki pátákó sínú ààrò ìdáná kí ojú ibi tó sán lè lẹ̀ padà. Ó lè ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan kó tún kú, èéfín rẹ̀ kò sì dára nínú ohun tí a fi ń se oúnjẹ.

Ọjọ́ orí Windows náà wà ńbẹ̀. Ọjọ́ 14 oṣù kẹwàá ọdún 2025 ni Microsoft parí àtìlẹ́yìn fún Windows 10, Windows 11 sì ń béèrè TPM 2.0 (ohun ààbò kan nínú ẹ̀rọ) àti processor tí kò pẹ́ jù, tí ọ̀pọ̀ láptọ́ọ̀pù àtijọ́ kò ní. Ìyẹn nìkan kò ní mú ẹ̀rọ dákú. Bí ara rẹ̀ bá yá, Linux tó fúyẹ́ á gbé e rìn fún ọdún díẹ̀ sí i. Bó bá jẹ́ pátákó ló lọ, ẹ yọ dísìkì àti RAM. Dísìkì tó ṣì dára ń wọ inú àpótí kékeré tó ní wáyà USB, á sì di dísìkì ìta fún ẹ̀rọ tó bá tẹ̀ lé e.